Ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ EVE Online? Bẹ́ ẹ ṣe máa gbá a láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú iná àti détà tiwa níbí

Ẹ kú déédéé ìwòyí o, ẹ̀yin ará Ìlọrin, ẹ̀yin ará Ọ̀fà, Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo, gbogbo yín pátá. Àwọn ọmọ Tanke tó ń béèrè géèmù ọkọ̀ ojú sánmà yìí lọ́wọ́ mi ti wá ń pọ̀ gan-an, oníkálukú á ní kí n jókòó ti òun kí n ṣàlàyé, mi ò sì lè máa sọ ọ̀rọ̀ kan náà lójoojúmọ́, torí náà mo ti kọ ọ́ síbí, ẹ bá mi fi ránṣẹ́ sẹ́ni tó bá nílò ẹ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni màá kọ́kọ́ sọ. Géèmù yìí bá wa lára mu ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò lọ. Nínú àwọn géèmù ìbọn, bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ṣe gbọ̀n pẹ́nrẹ́n báyìí, wọ́n ti pa yín. EVE ò rí bẹ́ẹ̀. London ni sáfà ẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà ńlá tó gbé géèmù náà dúró, wà, ẹ̀ẹ̀kan péré ní sẹ́kọ́ńdù kan ló ń ṣírò ohun tó ń ṣẹlẹ̀, torí náà bí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá ń fà díẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ pa yín lára. Ìkejì, ẹ̀kọ́ tí ẹni tẹ́ ẹ dá nínú géèmù ń kọ́, tí wọ́n ń pè ní skill, bí aago ṣe ń lọ ló ń lọ, ẹ tan kọ̀ǹpútà o, ẹ ò tan án o. Iná lè lọ, détà lè tán, ẹ lè lọ síbi ìnáwó l'Ọ́fà kẹ́ ẹ sùn síbẹ̀, skill yín ò dúró. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ dáadáa tó sì ní sùúrù, tó ń wọlé díẹ̀díẹ̀ bí iná bá ṣe wà, á bá wọn débẹ̀. Ẹni tó bá kánjú ra ọkọ̀ ńlá ló máa sunkún.

Ohun tẹ́ ẹ fẹ́ wọ̀

Ilé iṣẹ́ CCP Games, àwọn ará Iceland, ló ṣe é, 6 May 2003 ló jáde, wọ́n ṣì ń gbá a dòní. Sáfà kan náà ni gbogbo wa jọ wà, yàtọ̀ sí àwọn ará Ṣáínà tí tiwọn dá dúró. Sísítẹ́ẹ̀mù tó wà níbẹ̀ lé ní 7,000, oòrùn kan pẹ̀lú àwọn plánẹ́ẹ̀tì ẹ̀ ni sísítẹ́ẹ̀mù kọ̀ọ̀kan, géètì lẹ máa gbà láti ọ̀kan sí èkejì. Ọkọ̀ tẹ́ ẹ rà, èèyàn bíi tiyín ló kàn án, ọta tẹ́ ẹ yìn, èèyàn ló rọ ọ́, èèyàn náà ló sì dá iye tẹ́ ẹ rà á.

Ọ̀rọ̀ yìí ló wà níbẹ̀ o: nǹkan tó bá ṣòfò ti ṣòfò. Tí ọkọ̀ yín bá fọ́, kò sí pé ẹ tẹ bọ́tìnnì kó padà wá, ẹ máa lọ ra òmíràn ni. Ní 27 January 2014, àwọn ẹgbẹ́ ńláńlá kó ogun pàdé ní sísítẹ́ẹ̀mù kan tí wọ́n ń pè ní B-R5RB, wọ́n ja ìjà yẹn ju ogún wákàtí lọ, Titan 75 ló bàjẹ́, Titan yìí ló tóbi jù nínú gbogbo ọkọ̀ inú géèmù, ìṣírò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ẹ̀ sì ní nǹkan tó ṣòfò lọ́jọ́ náà lé ní 300,000 dọ́là. Mi ò fi dẹ́rù bà yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé òfò ló jẹ́ kí géèmù yẹn dùn, torí ìdí ẹ̀ ni ọjà ibẹ̀ fi ń yí, ìdí ẹ̀ náà ni àyà èèyàn fi ń já tó bá ń gba géètì kan kọjá.

Kẹ́ ẹ tó dáńlóòdù

Kọ̀ǹpútà lẹ máa fi gbá a, Windows tàbí Mac. Èyí tẹ́ ẹ rí lórí fóònù, EVE Echoes, géèmù ọ̀tọ̀ nìyẹn, sáfà ẹ̀ yàtọ̀, nǹkan tẹ́ ẹ bá ní níbẹ̀ ò lè wá síbí. Lápútọ́ọ̀pù tí bátìrì ẹ̀ ṣì gbé nǹkan dúró ló dáa jù fún wa ju kọ̀ǹpútà orí tábìlì lọ, àfi tẹ́ ẹ bá ní ínfátà, màá sọ ìdí ẹ̀ tó bá yá.

Dáńlóòdù ẹ̀ tóbi, jíígì púpọ̀ ni, ẹ má fi détà ojúmọ́ ṣe é. Ẹ ra détà òru, tàbí kẹ́ ẹ wá ibi tí Wi-Fi wà tí wọ́n gbà yín láyè. Nínú launcher, ìyẹn ètò tẹ́ ẹ fi ń ṣí géèmù náà, ibì kan wà tẹ́ ẹ ti lè yàn bóyá kó máa dáńlóòdù díẹ̀díẹ̀ bẹ́ ẹ ṣe ń gbá a tàbí kó kó gbogbo ẹ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ yan kó kó gbogbo ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fi sí díẹ̀díẹ̀, gbogbo ibi tuntun tẹ́ ẹ bá dé láá máa fa détà lójú ọ̀nà, á sì máa dúró lójijì. Tó bá ti wálẹ̀ tán, gbígbá a gan-an ò fi bẹ́ẹ̀ jẹ détà, fídíò ń jẹ jù ú lọ dáadáa. Ẹ ṣáà máa rántí pé wọ́n máa ń fi nǹkan tuntun kún un látìgbàdégbà.

Àkántì ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. Alpha ni wọ́n ń pe ẹni tí kò sanwó, Omega ni ẹni tó ń san lóṣooṣù. Ìlọ́po méjì iye àkókò Omega ni Alpha fi ń kọ́ skill, àwọn ọkọ̀ kan wà tí kò lè wà, ṣùgbọ́n èyí tó lè wà ti pọ̀ ju ohun tẹ́ ẹ máa nílò lóṣù bíi mélòó kan lọ. Kẹ́ ẹ tó ṣí àkántì, ẹ wá ẹni tó ti ń gbá a kó fún yín ní línkì ìpè tiẹ̀, torí ẹni tó bá gba línkì yẹn wọlé máa gba 1,000,000 skill point (point tí wọ́n fi ń ka bí skill yín ṣe tó) lọ́fẹ̀ẹ́, ẹni tó sì ti ṣí àkántì tẹ́lẹ̀ ò lè padà gbà á mọ́. Ẹ tan ààbò onígbèésẹ̀ méjì sí àkántì yín lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ra àkántì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ má sì ra ISK, owó inú géèmù, lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á lórí WhatsApp, òfin wọn ò gbà á, bí wọ́n bá mú yín wọ́n máa ti àkántì náà pa ni, gbogbo wàhálà yín á sì lọ sójú omi.

Ẹ dá ẹni yín

Ẹ máa yan ọ̀kan nínú ìjọba mẹ́rin: Amarr, Caldari, Gallente, Minmatar. Àwọn kan máa ń fi ọjọ́ odidi ronú sí i, kò tó bẹ́ẹ̀ jàre. Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ àti ọkọ̀ tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n wà nìkan ló ń pinnu, tó bá yá ẹ lè kọ́ ọkọ̀ ti ìjọba tó bá wù yín. Ẹ yan èyí tí ọkọ̀ ẹ̀ bá wù yín lójú. Orúkọ lẹ máa ronú sí, torí òun ni gbogbo ayé ibẹ̀ máa fi mọ̀ yín, ibi tẹ́ ẹ bá ti hùwà burúkú, òun náà ni wọ́n máa dárúkọ.

Skill Queue, kẹ́ ẹ tó ṣe nǹkan mìíràn

Bẹ́ ẹ ṣe ń wọlé báyìí, ẹ ṣí Skill Queue, ìlà tí àwọn skill tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ń tò sí, kẹ́ ẹ tó nǹkan sí i. Wákàtí 24 ni ti Alpha, torí náà ẹ sọ ọ́ dàṣà kẹ́ ẹ máa kàn wọlé lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ kẹ́ ẹ kún un, kódà lọ́jọ́ tẹ́ ẹ ò ráyè gbá nǹkan kan. Ìṣẹ́jú méjì ti tó.

Èwo lẹ máa kọ́ kọ́kọ́? Kì í ṣe ìbọn. Àwọn tó ń ran gbogbo ọkọ̀ lọ́wọ́ ni: CPU Management, Power Grid Management, Capacitor Management, Mechanics, Shield Management, Navigation, Spaceship Command. Ọkọ̀ yòówù kẹ́ ẹ padà wà, àwọn yìí máa wúlò níbẹ̀.

Ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣírò ẹ̀ náà yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n. Ipele márùn-ún ni skill kọ̀ọ̀kan ní. Skill tó rọrùn jù, ipele kìíní gba 250 point, ẹ̀ẹ̀kejì á di 1,414, ẹ̀ẹ̀kẹta 8,000, ẹ̀ẹ̀kẹrin 45,255, ẹ̀ẹ̀karùn-ún 256,000. Ẹ wo bó ṣe fò láti ẹ̀ẹ̀kẹrin sí ẹ̀ẹ̀karùn-ún. Èrè tẹ́ ẹ máa rí ní ipele karùn-ún ò ju ti ìkẹrin lọ, ṣùgbọ́n ọjọ́ tó máa jẹ ju gbogbo àwọn tó ṣáájú ẹ̀ lọ pa pọ̀. Nítorí náà ẹ mú ọ̀pọ̀ nǹkan dé ipele kẹta, èyí tẹ́ ẹ ń lò jù ẹ mú un dé ìkẹrin, ẹ fi ìkarùn-ún sílẹ̀ ná, àfi tó bá jẹ́ pé òun ló máa ṣílẹ̀kùn ọkọ̀ kan fún yín.

Ẹ ṣe gbogbo iṣẹ́ Career Agent, mo ní gbogbo ẹ̀

Tẹ́ ẹ bá parí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀, géèmù á darí yín sọ́dọ̀ àwọn Career Agent, àwọn tó ń gbé iṣẹ́ fún ẹni tuntun nínú géèmù. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fò ó torí pé wọ́n fẹ́ lọ jagun, mo sì máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má fò ó. Iṣẹ́ ìjà wà níbẹ̀, iṣẹ́ wíwá nǹkan tó sọnù wà, iṣẹ́ wíwa òkúta àti rírọ nǹkan náà wà. Ọkọ̀ ni wọ́n ń fi san yín, ìwé skill ni, owó ni. Ibẹ̀ lẹ ti máa rí Venture gbà, ọkọ̀ kékeré tó ń wa òkúta, tó lágbára láti bọ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ dè é mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ náà lẹ ti máa mọ èyí tó wù yín gan-an, torí mo ti rí ẹni tó wọlé nítorí ogun tó wá jẹ́ pé òwò ló mú un lọ́kàn.

Tẹ́ ẹ bá parí wọn, ẹ lọ bá Sister Alitura ní sísítẹ́ẹ̀mù Arnon. Ìtàn gígùn kan ló máa gbé lé yín lọ́wọ́, ó ń lọ sí bí àádọ́ta míṣọ̀n, ó máa mú yín kọjá lọ́dọ̀ gbogbo ìjọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, owó ẹ̀ sì dáa fẹ́ni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ní ìparí, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Dagan wà níbẹ̀ tó máa ń tún ara ẹ̀ ṣe kíákíá bẹ́ ẹ ṣe ń yìnbọn fún un, tí ìbọn yín ò bá le tó ẹ pe ọ̀rẹ́ kan kó bá yín yìn ín.

Ibi tí ewu wà

Nọ́ńbà kan máa ń wà lápá òsì lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ sísítẹ́ẹ̀mù. 1.0 dé 0.5, àwọn ọlọ́pàá wà níbẹ̀, CONCORD lorúkọ wọn. 0.4 dé 0.1, kò sí CONCORD. 0.0 lọ sísàlẹ̀, ọwọ́ ẹni tó bá lágbára ló wà.

Ẹ gbọ́ o, CONCORD kì í dáàbò bo èèyàn, ẹni tó yìnbọn lu yín ló ń wá fìyà jẹ lẹ́yìn tó bá ti yìn ín tán. Ní 1.0 wọ́n ń tètè dé, ní 0.5 wọ́n máa ń pẹ́ díẹ̀, díẹ̀ yẹn sì lè ti pa yín. Àwọn kan gbà kí ọkọ̀ tiwọn bàjẹ́ bí ẹrù tẹ́ ẹ kó bá ti ju iye ọkọ̀ wọn lọ. Sísítẹ́ẹ̀mù Uedama lókìkí fún irú ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ ní sínú ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ má sì lo autopilot, ìyẹn kí ọkọ̀ máa wa ara ẹ̀, tẹ́ ẹ bá kó ẹrù, torí ọ̀nà jíjìn sí géètì ló máa ń já yín sí táá wá máa wọ́ lọ jẹ́jẹ́. Ẹ máa fọwọ́ ara yín wà á láti géètì dé géètì.

Safety, ìyẹn bọ́tìnnì ààbò, ẹ fi sí àwọ̀ ewé, ẹ má fọwọ́ kàn án. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ wá bá òun figagbága, ẹ kọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí àpótí ẹlòmíì lójú sánmà, ẹ má mú nǹkan kan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú géètì kan, ká jọ rìn ín. Ẹ wà ní 0.5, ẹ fẹ́ fò sí 0.4. Bẹ́ ẹ ṣe bọ́ sódì kejì, ẹ má tíì tẹ nǹkan kan. Fún ìṣẹ́jú kan gbáko, kò sẹ́ni tó lè rí yín, kò sẹ́ni tó lè yìnbọn lu yín, àfi tẹ́ ẹ bá mira. Ẹ fi ìṣẹ́jú yẹn wo Local, ibẹ̀ ni orúkọ gbogbo ẹni tó wà ní sísítẹ́ẹ̀mù yẹn ń hàn sí. Ẹ wo Overview, àkọsílẹ̀ àwọn nǹkan tó wà nítòsí yín, ta ló wà lẹ́nu géètì? Bí ọkọ̀ méjì mẹ́ta bá dúró síbẹ̀ tí wọn ò lọ tí wọn ò bọ̀, irú yín ni wọ́n ń dúró dè. Ẹ wo ibi tí imú ọkọ̀ yín kọjú sí, ẹ mú plánẹ́ẹ̀tì kan tó wà lápá ibẹ̀, ẹ tẹ ẹ́ kẹ́ ẹ máa lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, torí ọkọ̀ tí kò ní láti yí orí máa ń tètè gbéra. Ẹ má lọ tààrà sí géètì tó kàn, ibẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ ronú pé ẹ ń lọ. Bẹ́ ẹ dé plánẹ́ẹ̀tì yẹn, ẹ tẹ V. Directional Scan nìyẹn, ó ń fi ohun tó wà láyìíká yín hàn dé 14.3 AU (AU kan ni bí ilẹ̀ ayé ṣe jìn sí oòrùn). Tẹ́ ẹ bá rí Combat Scanner Probe, ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń wá ọkọ̀, níbẹ̀, ẹnì kan ti ń wá yín, ẹ yáa kúrò. Ẹ fi ọkọ̀ tí kò wọ́n kọ́ eléyìí títí ọwọ́ yín á fi mọ̀ ọ́n fúnra ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá pa yín ńkọ́? Ẹ̀yin fúnra yín á jáde nínú ọkọ̀ kékeré kan tí wọ́n ń pè ní pod, ẹ sáré gbé e lọ. Bí wọ́n bá fọ́ òun náà, ẹ máa jí ní téṣàn yín nínú ara tuntun, skill yín ò lọ síbì kan. Ẹni tí kò ní ọkọ̀ kankan mọ́ tó bá wọ téṣàn, géèmù á fún un lọ́kọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ máa ṣe ìnṣọ́ráǹsì ọkọ̀ yín kẹ́ ẹ tó jáde, kò wọ́n.

Tí wọ́n bá mú iná

Èyí gan-an ni wọn kì í kọ sínú ìtọ́sọ́nà àwọn òyìnbó. Tí íntánẹ́ẹ̀tì yín bá já lójú sánmà, ọkọ̀ yín máa fúnra ẹ̀ sá lọ síbì kan, tó bá jẹ́ pé ẹ ò bá ẹnikẹ́ni jà, ìṣẹ́jú kan ló máa lò kó tó pòórá. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ń bá èèyàn bíi tiyín jà, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló máa wà níta, wọ́n sì lè wá a rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní lápútọ́ọ̀pù tó ní bátìrì. Bí iná bá lọ, ráútà kú, ẹ ṣáà yáa tan hotspot fóònù yín, ẹ padà wọlé, ẹ gbé ọkọ̀ lọ sí téṣàn. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ ìjà tàbí ìrìn àjò jíjìn nígbà tí bátìrì yín ti ń lọ sódo, wíwa òkúta lẹ máa fi irú àkókò yẹn ṣe.

Lójoojúmọ́ ní aago 11:00 ti inú géèmù, sáfà máa ń pa fúngbà díẹ̀. Aago inú géèmù fi wákàtí kan kéré sí tiwa, aago méjìlá ọ̀sán gééré nìyẹn n'Ílọrin. Ẹ ti wọ téṣàn kó tó di ìgbà yẹn. Lọ́jọ́ Jímọ̀ kò tiẹ̀ dí wa lọ́wọ́, ẹ ti ń múra mọ́ṣáláṣí, kẹ́ ẹ tó dé ó ti ṣí.

Owó

Venture yín lẹ máa fi bẹ̀rẹ̀. Veldspar ni òkúta tó pọ̀ jù, ẹ wà á, ẹ yọ́ ọ di Tritanium tàbí kẹ́ ẹ tà á bẹ́ẹ̀. Owó ẹ̀ ò pọ̀ ṣùgbọ́n ọkàn yín á balẹ̀. Tó bá sú yín, ẹ gbìyànjú wíwá àwókù àtijọ́: ọkọ̀ kékeré bíi Heron, Imicus, Magnate tàbí Probe, pẹ̀lú Core Probe Launcher, ohun tó ń ju ẹ̀rọ ìwákiri jáde, àti ẹ̀rọ tó ń já kóòdù lára ẹ̀. Ọkọ̀ yìí ò wọ́n, ohun tẹ́ ẹ sì lè rí nínú relic site, ibi tí àwókù náà wà, ní ibi 0.0 lè ra irú ẹ̀ lọ́pọ̀lọpọ̀, torí náà bí wọ́n bá tiẹ̀ pa yín lọ́nà, èrè ṣì wà. Èmi ò rí iṣẹ́ tó dáa fún Alpha jù ú lọ.

Jita ni Ọjà Ọba wọn, gbogbo nǹkan ló wà níbẹ̀, gbájúẹ̀ náà sì kún ibẹ̀. Ẹ máa rí wọn nínú Local tí wọ́n ń kọ ọ́ pé ẹ fowó ránṣẹ́ sáwọn, àwọn á sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Òfin géèmù ò ka jìbìtì irú ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ ò ní rẹ́ni fẹjọ́ sùn. Àwọn sísítẹ́ẹ̀mù tí ẹni tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ nìkan ni wọ́n ti fi òfin dè é pé kí wọ́n má yọ ọmọ tuntun lẹ́nu. Kẹ́ ẹ tó ra nǹkan, ẹ ka òdo tó wà nínú iye ẹ̀, ẹ tún un kà, kẹ́ ẹ sì tẹ orúkọ nǹkan náà kẹ́ ẹ wo iye tí wọ́n ń tà á fún yín gan-an.

Omega ńkọ́? PLEX, ohun kan nínú géèmù tí wọ́n fi ń san Omega, 500 ẹ̀ ni oṣù kan, dọ́là ni wọ́n ń fi rà á tàbí ISK inú géèmù. Ẹ má san án lóṣù àkọ́kọ́. Alpha lè kọ́ skill dé bíi mílíọ̀nù márùn-ún point, ìgbà tẹ́ ẹ bá ti ń sún mọ́ ibẹ̀ tí géèmù náà ṣì ń dùn mọ́ yín, ẹ wá lè ronú sí ọ̀rọ̀ káàdì.

Ẹ wá èèyàn

Ẹni tó bá ń dá a gbá, ó máa ń sú u. Kọ́ọ̀pù ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ níbẹ̀, ẹ wọ ọ̀kan láàárín oṣù àkọ́kọ́. EVE University wà láti 2004, ẹ̀kọ́ ni iṣẹ́ wọn, wọ́n ń gba ẹni tí kò mọ nǹkan kan, kíláàsì wọn pọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ ní Òmù-Àrán kọ́ ìjà lọ́dọ̀ irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, òun ló wá ń kọ́ àwọn àbúrò ẹ̀ báyìí. Kọ́ọ̀pù tó bá ní kẹ́ ẹ sanwó kẹ́ ẹ tó wọlé, tàbí tó ní kẹ́ ẹ kó gbogbo ẹrù yín fáwọn kí wọ́n bá yín gbé e, ẹ sá.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí kọ́ọ̀pù kan, ẹ bi wọ́n léèrè aago tí wọ́n máa ń jáde pa pọ̀. Àwọn ará Yúróòpù ló bá wa mu jù, 19:00 aago inú géèmù ni aago mẹ́jọ alẹ́ wa. Ti Amẹ́ríkà máa ń bọ́ sí òru, tó bá di aago méjì òru tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kóra jọ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa jí lọ síbi iṣẹ́ tàbí léṣọ̀n aago mẹ́jọ ò ní lè bá wọn lọ. Ẹ sọ fún wọn náà pé iná yín máa ń lọ láìròtẹ́lẹ̀, kọ́ọ̀pù tó dáa á fún yín níṣẹ́ tó jẹ́ pé bẹ́ ẹ bá já kúrò, kò ní da nǹkan rú.